Èlé Tí Ó Wà Nínú Fóònù Wa

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta ẹ̀wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí wa mú fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ó ní, “Àáfà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Igba náírà ni mo ní kí ọmọ kó sí i láàárọ̀. N kò tíì pe ẹnì kan, wọ́n ní ó ku náírà mẹ́wàá.” Mo gba fóònù náà, mo sì ṣí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ inú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà pé ó forúkọ sílẹ̀ láti máa gba ìròyìn bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti yọ 50 náírà. Òmíràn ń gbà á ní ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọ́n sì ti yọ 40 náírà. Ẹ̀kẹta sọ pé 100 náírà tí ó yá ní ọjọ́ Àtàláátà ti padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ìyá yìí kò mọ bọ́ọ̀lù kankan ju èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ọkọ rẹ̀ sì ti di ẹni Ọlọ́hun láti ọdún pípẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀yáwó, kò sẹ́. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ni ó bá òun tẹ̀ ẹ́, 85 náírà ni ó sì wọlé. Ó wá wojú mi, ó ní, “Àáfà, ṣé èlé kọ́ nìyẹn?”

N kò lè dá a lóhùn ní kíá. Ojú sì tì mí, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe wáàsí lórí èlé, báńkì nìkan ni mo máa ń dárúkọ. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo rò ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú àìmoore ni a fi ń bá àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí wí. Ọdún 1985 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà da ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ìpè sí òkè òkun, tí wọ́n sì sọ wọ́n ní NITEL. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, iye tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn sì ti ju 100,000,000 lọ. Ẹni tí ó ti dàgbà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn mọ bí a ti ń múra bí ẹni ń re òde nítorí pé a fẹ́ lọ pe ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná. A ó tò lórí ìlà ní ọ́fíìsì NITEL tàbí ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, a ó wọ inú àpótí onígíláàsì, a ó sì máa pariwo àṣírí ilé wa tí gbogbo èrò tí ó wà níta yóò fi gbọ́ ọ. Bí ẹni tí a ń pè kò bá sí nídìí ẹ̀rọ ní òdìkejì, ọjọ́ kan ti ṣòfò nìyẹn.

Òfin kẹẹ̀dọ́gọ́rin ti ọdún 1992 ni ó dá àjọ NCC sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, wọ́n ta ìwé àṣẹ fóònù alágbèéká ní 285,000,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó rà á, nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ ọdún kan náà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò agbádá. Oore ńlá ni. Àwa Mùsùlùmí ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí sí i, nítorí pé a kì í tọ́jú òkú sílẹ̀. Kí fóònù tó dé, mélòó nínú wa ni ó ti sin bàbá rẹ̀ tán kí ìròyìn tó kan àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Kánò? Lónìí, ẹ̀mí kò ní jáde tán kí ọmọ tó wọ mọ́tò.

Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọgbọ́n àrékérekè ti wọ inú òwò náà. 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Bí ènìyàn bá lo ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré, tí kò ju “Mo ti dé o” lọ, owó odindi ìṣẹ́jú ni wọn yóò yọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn ké gbàjarè, wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe láti máa ka ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ilé iṣẹ́ Globacom wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà pa fóònù wọn fún odindi ọjọ́ kan láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó ìpè tí ó ga. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù náà fi rí ọ̀nà tí wọ́n ní kò sí. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá kan ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́wà. Ọ̀nà tí ẹ̀yáwó owó ìpè máa ń gbà kò ṣòro láti yé. Ẹni tí owó bá tán lórí fóònù rẹ̀ yóò tẹ nọ́ńbà kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àjọ NCC sọ àwọn nọ́ńbà kéékèèké wọ̀nyí di ọ̀kan náà fún gbogbo ilé iṣẹ́, 303 ni wọ́n sì fún ẹ̀yáwó. Bí ó bá béèrè 100 náírà, 85 ni ó sábà máa ń rí gbà. Wọn yóò pe 15 tí ó kù ní owó iṣẹ́. Ọjọ́ tí ó bá kó káàdì tuntun sí i, 100 ni wọn yóò yọ kí ó tó rí ohunkóhun lò.

Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọn kò rí èèwọ̀ nínú èyí, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbá dànù. Wọ́n ní owó ìpè kì í ṣe owó. Àǹfààní ni, iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà yóò ṣe fún ọ ni. Títa àǹfààní láwìn ní iye tí ó ju ti ọwọ́-lọ́wọ́ lọ kò léèwọ̀, bí ìgbà tí aláṣọ bá ní 5,000 ni aṣọ òun lọ́wọ́, 6,000 ni láwìn, tí òun àti oníbàárà sì ti fẹnu kò sí ọ̀kan kí wọ́n tó túká. Ẹ̀rí wọn tí ó lágbára jù lọ ni pé gbèsè yìí kì í bí sí i. Bí o kò bá kó káàdì fún oṣù mẹ́ta, 100 náírà yẹn ni yóò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni èlé àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ó ń pọ̀ sí i. Èmi pàápàá ti dúró lórí ẹ̀rí yìí rí, mo sì ti fi dá àwọn kan lóhùn.

Ohun tí ó mi ẹsẹ̀ mi ni pé mo jókòó, mo sì bi ara mi léèrè pé kí ni ó wọ inú fóònù ìyá náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú ìpè ni wọ́n tà fún un, wọn ì bá sọ iye ìṣẹ́jú. Náírà ni wọ́n kọ, 85 náírà. Ó lè fi ra dátà, iye tí ẹni tí ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra káàdì ń pe ìpè náà ni òun náà yóò fi pè. Náírà ni wọ́n sì tún gbà padà. Aláṣọ kì í ní, “Gba aṣọ 85 náírà, kí o sì jẹ mí ní aṣọ 100 náírà.” Òwò aláṣọ yé wa, èyí kò jọ ọ́. Àwọn tí wọ́n ni ọjà fúnra wọn kò pè é ní títà láwìn rí, ẹ̀yáwó ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2025, nígbà tí àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà gbé ìlànà tuntun jáde lórí àwọn tí ń yá ènìyàn lówó lórí ẹ̀rọ, ó ka ẹ̀yáwó owó ìpè àti ti dátà mọ́ ọn. Ó wá ku àwa tí a ń pè é ní òwò kí a lọ ṣàlàyé fún ọlọ́jà pé kò mọ ohun tí ó ń tà.

Wọn yóò ní owó iṣẹ́ ni. Bí olùyáni bá náwó lórí ètò ìyáwó náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò burú kí ó gba iye tí ó ná gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rí. Ẹni tí ó yá 100, 15 ni wọn yóò yọ; ẹni tí ó yá 1,000, 150. Ẹ̀rọ kan náà ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ènìyàn kankan kò sì fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ wo ni ó fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ sí i? Owó tí ó bá ń ga bí gbèsè bá ti ń ga, owó orí gbèsè ni.

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún ìyá náà nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé ni pé kí ó fi í sílẹ̀. N kò ní pe ẹni tí ó tẹ̀lé àwọn onímọ̀ àkọ́kọ́ ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti jẹ́ kí a mọ̀ pé hàláàlì hàn, haráàmù sì hàn, àti pé ohun ìrújú wà láàárín méjèèjì tí ẹni tí ó bá yẹra fún un ti dáàbò bo ẹ̀sìn rẹ̀. Bí èyí kò bá tilẹ̀ ju ìrújú lọ, 85 náírà kéré sí ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ wọ inú ìrújú.

Àwọn tálákà ni ó sì ń yá a jù. Ẹni tí ó lówó ń kó 5,000 sínú fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì tún ń fún un ní èènì. Ẹni tí kò ní 100 ni ó ń fi 100 ra ìpè 85. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Bí owó ìpè ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni káàdì alágbe ọ̀rọ̀ ń yára tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yá sí nọ́ńbà ẹ̀yáwó.

Ní ti 90 náírà tí ó kù, kò sí ìjà àwọn onímọ̀ níbẹ̀ rárá. Suratun-Nisáì ti là á mọ́lẹ̀ pé òwò kò tọ́ láàárín wa àyàfi pẹ̀lú ìyọ́nú olùtà àti olùrà. Ìyọ́nú wo ni ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B fi sí àtẹ̀jíṣẹ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì? Fóònù a máa mú àpèjúwe kan wá síta láìròtẹ́lẹ̀, ọmọdé tí ń fi fóònù ṣeré yóò tẹ ibi tí wọ́n ní kí a tẹ̀, ó di pé ìyá àgbà forúkọ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. (Ẹran rẹ̀ ni a kà léèwọ̀ fún wa, wọn kò ka òwe rẹ̀ mọ́ ọn.) 50 náírà kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni yóò tìtorí rẹ̀ lọ sí kóòtù, ohun tí ó sì mú kí ó dùn ún mú nìyẹn. Bí 1,000,000 ènìyàn bá pàdánù 50 náírà ní ọjọ́ kan ṣoṣo, 50,000,000 náírà ti kúrò ní ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ pé nǹkan lọ.

Nǹkan kan wà tí a lè ṣe sí i. Ní ọdún 2016, àjọ NCC pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ irú àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí fi ọ̀rọ̀ STOP ránṣẹ́ sí 2442. 305 ni nọ́ńbà tí a fi ń dá iṣẹ́ tí a kò fẹ́ dúró, 622 sì ni a ń pè láti fẹjọ́ sun àjọ náà bí ilé iṣẹ́ kò bá dá wa lóhùn. Mo bi nǹkan bí ogún ènìyàn léèrè lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹni méjì péré ni ó mọ ọ̀kankan nínú àwọn nọ́ńbà náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi mú wa ni wọ́n tún fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ìdè wa.

Ó wá kan àwa fúnra wa, ibi tí yóò dun àwọn kan nìyí. Òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1992, èyí tí ó dá àjọ NBC sílẹ̀, kò fàyè gba kí wọ́n fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní ìwé àṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Nítorí náà, àkókò ni àwa ń rà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní in, ó sì wọ́n. Kí owó rẹ̀ lè wá, àwọn ètò ẹ̀sìn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdíje ní oṣù Ràmàdáànì: wọn yóò bi àwọn olùgbọ́ ní ìbéèrè lórí ìtàn àwọn Ànábì, olùgbọ́ yóò fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan tí owó rẹ̀ ju ti àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lọ, wọn yóò sì fa orúkọ ẹnì kan yọ láàárín àwọn tí ó gbà á. Ẹni kan yóò gba fíríìjì, ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò pàdánù. Ẹ̀yin aṣíwájú wa, kí ni a ń pe irú èyí bí a bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù onítẹ́tẹ́? Bí ẹ̀bùn náà bá ti ara owó tí àwọn olùdíje san wá, tẹ́tẹ́ ni, kódà bí ìbéèrè rẹ̀ bá jẹ́ lórí Ànábì Yúsúfù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àjọ NCC dá gbogbo ìpolówó ọlọ́rẹ àti lọ́tìrì orí fóònù dúró. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ tẹ́tẹ́, bí kò ṣe nítorí pé ó ń dí ọ̀nà ìpè. Ìjọba tí kò kírun rí ìdí kan láti dá a dúró. Àwa tí a ní ìdí tí ó ju ìyẹn lọ ń gbé e wọ inú oṣù ààwẹ̀.

Bákan náà ni ti caller tune. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá tí ń san owó oṣooṣù kí ẹni tí ń pè wọ́n lè máa gbọ́ Al-Kùr'ánì. Èrò wọn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń pè yóò gbé fóònù ní àárín gbólóhùn, a ó gé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sí méjì, ìgbà mìíràn ní ibi tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ti dà rú pátápátá, ọ̀rọ̀ tí yóò sì tẹ̀lé e ni “Hẹ́lò, ta nìyẹn?” Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún tírà náà. Bí ó bá sì di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ wo bóyá kò ní máa sọ ara rẹ̀ di ọ̀tun.

Mo ní a ó padà sí ọdún 2003. Ohun tí ọdún náà fi hàn ni pé àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń gbọ́ bí oníbàárà bá pọ̀ lójú kan náà tí ọ̀rọ̀ wọn sì ṣọ̀kan. Mélòó ni àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá tí a ní síìmù lọ́wọ́? Ohun tí a ó béèrè kò sì le. Kí wọ́n ta ìṣẹ́jú ìpè láwìn fún ẹni tí ó bá fẹ́, kí wọ́n sọ iye ìṣẹ́jú àti iye owó rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Tàbí kí wọ́n yá a ní 100 kí wọ́n sì gba 100. Kí wọ́n má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún ohunkóhun láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì dáhùn. Rédíò kún fún ìpolówó wọn ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán. Wọn kò lè sọ pé àwọn kò mọ èdè náà nígbà tí ó bá kan owó yíyọ. A ti kọ lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí, a sì ń fẹ́ kí àwọn mọ́sálásí yòókù fọwọ́ sí i kí a tó fi ránṣẹ́ sí àjọ NCC àti àwọn ilé iṣẹ́ náà. Kí àwọn lẹ́mọ́mù tí ó bá ka èyí kàn sí wa.

Láti Jímọ̀ tí ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa yóò gbé tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin lẹ́yìn ìrun. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń jẹ owó, kí ó mú un wá. Wọn yóò bá a dá gbogbo ohun tí kò fẹ́ dúró, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ìyá ẹlẹ́wà ti ní òun ni yóò kọ́kọ́ dé.